Àkànní, ṣé òótọ́ ni pé o ti ń bá wọn ṣe jálàbí?

Àkànní ọmọ mi,

Àsàláámù aláékúmù. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti ń fúyẹ́, ewúrẹ́ ti bí méjì, àbúrò rẹ ti fọ́ fóònù mi.

Wọ́n ní wọ́n rí ọ lẹ́yìn àáfà jálàbí kan, àwọn tó ń fi àdúà pawó, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ wà ní kíláàsì. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo fi owó ránṣẹ́, o ò sọ pé o rí i. Ṣé òótọ́ ni?

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí ọ létí: pé ẹni tó ń wá àdúà kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àáfà. Wọn kì í béèrè lóòótọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ṣé o mọ ibi tí o wà ṣá? Abẹ́òkúta ni Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori ti dá Markaz, ilé kéwú tí o wà yìí, sílẹ̀ ní 1952, kó tó gbé e wá sí Agége ní 1955. Orí ẹní la ti ń kéwú láyé ìgbà yẹn, wàláà lọ́wọ́, tàdáwà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá yẹn ti dé Íjíbítì ní 1946. Ó gbé bẹ́ǹṣì àti pátákó ìkọ̀wé kalẹ̀, ó fi ìdánwò sí i, ó pín in sí ìpele mẹ́ta: Ìbìtìdáì ni ìbẹ̀rẹ̀, Ìdáádì ni àárín, Sánáwì ló kẹ́yìn. Gbogbo àáfà àtijọ́ kọ́ ni inú wọn dùn sí i, kò dá a dúró. Ó kú ní 1992, ilé kéwú rẹ̀ ṣì ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì Al-Azhar ní Íjíbítì. Sánáwì nìkan ló kù fún ọ, ìwọ fẹ́ torí owó àdúà já a sílẹ̀? Olórí kunkun!

Ṣé o ń jẹun? Ikọ́ yẹn ńkọ́?

Nígbà tí o wálé ọdún, tí mò ń ṣa ẹ̀wà, o jókòó tì mí, o ṣàlàyé ìdí tí a fi ń ké «Alhamdu», tí kì í ṣe «Alhamda». Mo ní kí o lọ pọnmi. Omi kún inú àmù. N kò fẹ́ kí o rí ojú mi ni. Láti kékeré ni mo ti ń ké e, n kò mọ̀ pé ó nídìí.

Mo máa ń sọ fún yín pé wọ́n mú mi kúrò nílé kéwú ni. Ẹnikẹ́ni kò mú mi. Bàbá mi ní kí n jókòó, èmi ni mo ní ọjà yá jù. Èrè ọjọ́ kìíní ló kó sí mi lórí.

Bí ebi ló gbé ọ débẹ̀, sọ. Bí nahawu, gírámà Lárúbáwá yẹn, ló le, sọ fún wọn kí o tún kíláàsì náà ṣe. N ó san owó rẹ̀. Àmọ́ jálàbí, Àkànní? Ṣé òótọ́ ni?

Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pè mí lẹ́yìn ìṣáì. Bí n kò bá gbọ́ ohùn rẹ títí di Jímọ̀, n ó wọkọ̀ Agége, inú kíláàsì ni n ó sì ti kọ́kọ́ wá ọ. Bàbá rẹ kò tíì gbọ́ sí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ