Ẹ fo Hubert Fichte nínú àwọn tó kọ̀wé nípa òrìṣà ní Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Brazil

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nínú àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn òyìnbó tó ṣèwádìí ẹ̀sìn òrìṣà ní Brazil, ẹ dárúkọ Pierre Verger, ayàwòrán ará Faransé tó kọ̀wé lórí òrìṣà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ fo Hubert Fichte, akọ̀ròyìn àti òǹkọ̀wé ará Jámánì tó pe ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976 ní Xango, ìyẹn Ṣàngó tiwa níbí.

Ìlú Perleberg ní Jámánì ni wọ́n bí i sí lóṣù kẹta ọdún 1935, Hamburg ló ti dàgbà. Júù ni bàbá rẹ̀, ewu ńlá nìyẹn fún ọmọ lábẹ́ ìjọba Násì ti Hitler. Ó gbé fúngbà díẹ̀ nílé ọmọ aláìlóbìí ti ìjọ Àgùdà ní Schrobenhausen, ibẹ̀ ló sì ti rí ìtàn tó kọ sínú Das Waisenhaus (1965). Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni, kò sì fi pamọ́ nínú ìwé rẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí i gan-an làwọn Násì mú abala 175 le sí i, òfin tó ń rán irú wọn lẹ́wọ̀n. Ìwọ̀-oòrùn Jámánì lò ó bẹ́ẹ̀ títí di 1969. Ìgbà tí Fichte ń kàwé rẹ̀ sétí àwọn ọ̀dọ́ ní ilé orin Star-Club ní Hamburg lọ́dún 1966, òfin náà ṣì múná. Ìgboyà ńlá ni mo kà á sí.

Ibi tó ti dáńtọ́ jù ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìbéèrè rẹ̀ kúrú: iṣẹ́, owó, ìbálòpọ̀, ohun tó ń ba ni lẹ́rù. Ó máa ń tẹ ìbéèrè àti ìdáhùn jáde pọ̀, kí òǹkàwé lè rí ibi tí olùbéèrè ti tì í jù àti ibi tí ẹni tó ń dáhùn ti yẹ̀ ẹ́. Bó ṣe bá àwọn aṣẹ́wó St. Pauli, àdúgbò kan ní Hamburg, sọ̀rọ̀ ló ṣe bá òǹkọ̀wé ará Faransé, Jean Genet, sọ̀rọ̀ ní Paris lọ́dún 1975, ọ̀wọ̀ kan náà ló sì bù fún àwọn olórìṣà. Lọ́dún 1977, ní Frankfurt, ó bá àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ènìyàn wí pé èdè wọn ń bo àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé nípa wọn mọ́lẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn yunifásítì tiwa.

Ìdìpọ̀ méjì ni Xango: Fichte ló kọ ọ̀kan, fọ́tò tí Leonore Mau yà, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé tí wọ́n sì jọ ń rìnrìn àjò, ló wà nínú èkejì. Ẹni tó bá ka ọ̀kan láìwo èkejì, ààbọ̀ ló kà. Bahia, Haiti àti Trinidad ló wà nínú rẹ̀. Ìwé Petersilie (1980) ló tẹ̀ lé e. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Casa das Minas, ilé ìbọ kan ní ìlú São Luís ní àríwá Brazil. Kí òǹkàwé má ṣe kó èyí pọ̀ mọ́ Bahia, vodun, ìyẹn àwọn òòṣà tó wá láti Dàhọ̀mì (ilẹ̀ Benin òde òní), ni wọ́n ń bọ níbẹ̀.

Ó níbi tí mi ò ti gbè é. Ó takú pé òun gbọ́dọ̀ mọ ewé tí wọ́n ń lò fún ìyàwó òrìṣà, ìyẹn ẹni tuntun tí wọ́n ń mú wọ inú ẹ̀sìn, nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé awo ni, orúkọ ewé nìkan kò tó: ọfọ̀ ló ń jẹ́ kí ewé jẹ́. Orúkọ tí ará ọjà ń pe ewé kan lédè Potogí sì lè jẹ́ ti ewé méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ìwé rẹ̀ lọ já ewé.

Ó kú ní Hamburg lóṣù kẹta ọdún 1986, ẹni àádọ́ta ọdún. Ìdìpọ̀ 19 ló pète fún Die Geschichte der Empfindlichkeit, ọ̀wọ́ ìwé ńlá rẹ̀, kò parí rẹ̀. Ọdún 1987 ni ilé ìtẹ̀wé S. Fischer bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde. Explosion (1993), tó dá lórí ìrìn àjò rẹ̀ sí Brazil, wà nínú rẹ̀, ó sì ti wà lédè Potogí. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè fi The Orphanage, ìtumọ̀ Das Waisenhaus, bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín: ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ S. Fischer, kí ẹ túmọ̀ ọ̀kan péré nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ ní Bahia, ìbéèrè àti ìdáhùn láìgé e. Ẹ jẹ́ kí olórìṣà kan kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ èsì tirẹ̀ náà sójú ewé kan náà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn