Fìlà èṣí ṣì bá orí ọmọ mu

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ọmọ 41 ni wọ́n, èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò ju ọdún méje lọ. Ọ̀rọ̀ Kérésì tó ń bọ̀ yìí ló mú mi gbé bírò. Wọ́n ti ní kí òbí kọ̀ọ̀kan san owó fìlà pupa Bàbá Kérésì, àti owó òwú tí a máa lẹ̀ mọ́ ògiri kó lè dà bí òjò dídì ìlú òyìnbó.

Bàbá ọmọ kan tó ń gun ọ̀kadà wá bá mi nígbà tí a jáde. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Fìlà èṣí ṣì wà nílé, ó sì ṣì bá orí ọmọ mu." Mo wá èsì tì.

Ta ló rí òjò dídì ní Ìbàdàn rí? Ọyẹ́ là ń rí ní Disẹ́ńbà. Ẹ bi àwọn ọmọ yìí ní ohun tí ojú wọn rí láàárọ̀, wọ́n á ní ètè àwọn bẹ́, màmá fi òrí pa àwọn lẹ́sẹ̀ títí ó fi ń dán, eruku bo fèrèsé débi pé àwọn fi ìka kọ orúkọ sí i. Ẹ fún wọn ní páálí, gọ́ọ̀mù àti iyanrìn tí a jọ̀, wọ́n á ya ọyẹ́ náà fún yín.

Nígbà ayẹyẹ òmìnira ní oṣù Ọkitóbà, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé àtijọ́ la gé, ewé ẹ̀fọ́ la gún fún àwọ̀, ọwọ́ ìgbálẹ̀ la fi ṣe òpó àsíá, ògì sísè la fi lẹ̀ ẹ́. (Kíláàsì mi rùn bí ilé ìdáná fún ọjọ́ méjì.) Ọmọbìnrin kan wá ya oòrùn pupa sáàárín funfun. Mo ti fẹ́ fagi lé e, àfi bí mo ṣe rántí pé olóògbé Táíwò Akinkúnmi, ọmọ Ìbàdàn tiwa, tó ya àsíá yìí nígbà tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn pupa lòun náà fi síbẹ̀. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ló yọ ọ́ kí a tó ta àsíá náà ní 1960. Mo fún ọmọ náà ní máàkì tó pé, mo sì sọ ìtàn ọ̀hún fún gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó bèèrè nípa òmìnira mọ́. Ohun tí wọ́n ń bi mí títí aago fi lù ni pé ta ló ní kí wọ́n yọ oòrùn bàbá yẹn.

Ìdajì kíláàsì mi ló ń ṣe Iléyá. Èyí tó kọjá ní oṣù Júùnù, àgbò la yà, òwú Kérésì tó ṣẹ́kù la sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwúlò òwú náà.

Ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa: kí wọ́n bi olùkọ́ kí wọ́n tó pín ìwé owó fún òbí. Ní ti bàbá ọlọ́kadà, mo ti ní kó jẹ́ kọ́mọ dé fìlà èṣí wá. Bí wọ́n bá bèèrè, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, olùkọ́,
Ìbàdàn.