Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Agbẹ̀bí Aládàáni sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́

Alága wa ọ̀wọ́n,

Àwa agbẹ̀bí tí a gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, tí a sì ń lọ gbẹ̀bí fún àwọn aboyún nínú ilé wọn láti Tákíé títí dé Sábó, fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ pàṣẹ fún àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà lábẹ́ yín, kí wọ́n máa gba aboyún tí a bá fi ìwé rán sí wọn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa bá wa tọ́jú abẹ́rẹ́ oxytocin, èyí tí a fi ń dènà ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ.

A kò sọ pé gbogbo aboyún ló lè bímọ sílé. Ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ìdí bọ̀, ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún rí àti ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dé 140/90, ọsibítù ni a ń darí wọn sí kí ìrọbí tó mú wọn. Àwọn yòókù ni a ń tẹ̀ lé láti ìgbà oyún títí ọmọ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, agbẹ̀bí kan náà fún aboyún kan náà, tó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í léèrè orúkọ nígbà tó bá wà lórí ìkúnlẹ̀. (Ìyá ọkọ tó kọ́kọ́ fojú àlejò wò wá ló sábà máa ń ránṣẹ́ pè wá nígbà oyún kejì.)

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá ti tó ìdajì lítà, ó ti di ọ̀ràn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ kì í sì í lè fara da èyí tó kéré sí i. Oxytocin 10 yúnítì tí a gún fún ìyá ní kété tí ọmọ bọ́ sílẹ̀ ló ń mú kí ilé ọmọ súnkì kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya, ṣùgbọ́n inú òtútù ló gbọ́dọ̀ máa wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà mọ bí iná mànàmáná ti rí ní ìlú yìí. A ń gbé misoprostol, oògùn oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, dání, nítorí pé kò nílò fíríìjì, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ ni a kọ́kọ́ máa ń wá. Fíríìjì tí ẹ fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ ń bẹ ní àwọn ilé ìlera kan. A ó ra oògùn wa fúnra wa, àyè ni a ń tọrọ.

Ní ti ìwé tí a fi ń rán aboyún lọ, ilé ìlera kan ti dá obìnrin tó ń rọbí dúró lẹ́nu ọ̀nà lóru nítorí pé kò ní káàdì lọ́dọ̀ wọn. Ìyá àti ọmọ yè, a dúpẹ́. Ìwé tí a ti ṣètò báyìí ń sọ ìfúnpá, irú ẹ̀jẹ̀, wákàtí tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí a ti lò. Òǹtẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló kù. Ọsibítù ìkọ́ni Bowen àti ti LAUTECH wà láàárín ìlú níbí, èyí tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní, ṣùgbọ́n ilé ìlera àdúgbò ni ọ̀kadà lè kọ́kọ́ gbé aláboyún dé.

Àwa náà yóò máa fi àkọsílẹ̀ gbogbo ìbí tí a bá gbẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lóṣooṣù, pẹ̀lú ti àwọn tí a gbé lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ tí ẹ bá dá ni a ó wá, tàwa ti ìwé ẹ̀rí wa.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí aládàáni