Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dá wa lóhùn tá a bá ní orin yín ò nítumọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi voice note ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ariwo lásán lẹ̀ ń gbọ́, orin yín ò nítumọ̀. Ẹ jẹ́ n tú àṣírí wa díẹ̀.

Ẹ bi wọ́n pé kí ni Awilo ń sọ. Awilo Longomba, ará Kóńgò, tó gbé Coupé Bibamba jáde ní 1998 tí gbogbo ìlú dà rú. Kò sí dánfó, kò sí ìkómọ, kò sí páátì ọmọdé tí wọn ò ti lù ú, àwa náà á sì máa kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ èdè Lìǹgálà ni o, a ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀! Ohun tó bá ti jọ ọ́ la máa ń pè, kálukú ló ní tiẹ̀. Ìtumọ̀ wo la wá rí níbẹ̀ tá a fi ń bá yín jà?

Baba Fryo ńkọ́, olórin galala, orin oníjó Ajégúnlẹ̀ nì, tó máa ń di ojú kan? Gbogbo àdúgbò ló kún fún ọmọ olójú kan, àwọn ìyá ń lù wá pé a fẹ́ fọ́jú ara wa. Shina Peters pàápàá, tẹ́ ẹ rò pé orin àgbà ni torí wọ́n ń lù ú lówàńbẹ̀, ìgbà tí àwo rẹ̀ Ace jáde ní 1989, tí Shinamania, ìyẹn wèrè orin Shina, gba ìgboro, bàbá tó ń gbọ́ Ebenezer Obey nílé wa bi wá pé ṣé ijó lèyí àbí gìrì ló mú wa.

Torí náà ẹ jó tiyín. Ṣùgbọ́n orin tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, ẹ wá ìdí ẹ̀. Vicky Longomba, bàbá Awilo, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ olórin OK Jazz sílẹ̀ ní Kóńgò pẹ̀lú Franco, Awilo fúnra ẹ̀ ti lu ìlù fún Papa Wemba, olórin Kóńgò mìíràn, kó tó di olórin. Shina náà, ọ̀dọ̀ Prince Adekunle, olórin jùjú, ló ti ta gìtá kó tó di pé òun àti Segun Adewale jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwa ò ní ju bébà inú kásẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ̀yin ní fóònù, ẹ ò ní àwáwí.

Ẹ sì tọ́jú ẹ̀ o. Kásẹ́ẹ̀tì wa, tó bá lọ́, báírò la fi ń yí i padà, èyí tó wà nílé mi ṣì ń kọrin dòní. Tiyín, orí áàpù ló wà, tí owó oṣù bá ti tán, ó parí nìyẹn. Ẹ rà á, kẹ́ ẹ dáúnlóòdù ẹ̀ síbi tó jẹ́ tiyín. Kẹ́ ẹ tún ká ara yín sílẹ̀ ní fídíò níbi tẹ́ ẹ ti ń jó, kì í ṣe fún TikTok o, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti dátè sí i, torí àwa ò ní ẹyọ kan.

Èmi ni, àgbà yín tó ṣì mọ galala jó, orúnkún ni ò gbà mọ́.