Agogo Kejì ní Urakami

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi, àlàáfíà Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín.

Bí oṣù August bá ti wọlé, Nagasaki ni ọkàn mi máa ń lọ. Hiroshima ni wọ́n kọ́kọ́ ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí, ní August 6, 1945, kí ọdún náà sì tó parí, nǹkan bí 140,000 èèyàn ló ti bá a lọ. Nígbà tó di August 9, ó kan Nagasaki. Kokura gan-an ni ọkọ̀ òfurufú náà kọ́kọ́ forí lé. Ìkùukùu àti èéfín ló bo ìlú yẹn tí wọ́n fi yà.

Ọ̀kánkán àdúgbò Urakami ni bọ́ǹbù náà bú gbàmù sí. Ọmọ ìjọ Àgùdà ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí baba ńlá wọn fi ìgbàgbọ́ pamọ́ fún ohun tó lé ní 200 ọdún, nígbà tí ìjọba ń pa ẹni tó bá pe orúkọ Jésù. Nígbà tí ìdè tú, àwọn fúnra wọn ló kọ́ kàtídírà wọn. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àlùfáà méjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí àjọ̀dún Màríà tó ń bọ̀ ní August 15. Kò sẹ́ni tó jáde níbẹ̀ láàyè. Nínú nǹkan bí 12,000 ọmọ ìjọ, nǹkan bí 8,500 ló kú.

George Zabelka, òun náà àlùfáà Àgùdà, ló ń bójú tó ọkàn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó gbé bọ́ǹbù náà. Nígbà tó dàgbà, ó jẹ́wọ́ pé òun dákẹ́ níbi tó yẹ kí òun ti sọ̀rọ̀. Ó lọ sí Japan, ó tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin ará, ẹ máa gbàdúrà fún àwa tí à ń gun àga ìwàásù.

Mi ò sọ pé ọwọ́ Japan mọ́ o. Ojú àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà rí màbo lọ́wọ́ ọmọ ogun wọn, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà sì bá wọn jà ní Bọ́mà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà wálé. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní Urakami kò gbé ìbọn.

Agogo méjì ló wà ní kàtídírà náà. Ọ̀kan fọ́ yángá. Wọ́n hú èkejì jáde lábẹ́ àwókù, wọ́n sì lù ú ní Kérésìmesì ọdún yẹn gan-an, láàárín eérú. Àyè èyí tó fọ́ ṣófo fún 80 ọdún. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní Amẹ́ríkà ló dáwó jọ, tí wọ́n rọ òmíràn ránṣẹ́. Ẹni tó ṣáájú wọn, James Nolan, olùkọ́ yunifásítì ni. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn dókítà ibi tí wọ́n ti ṣe bọ́ǹbù náà. Ní August 9, 2025, ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì, agogo méjèèjì jọ dún.

Kì í ṣe Nolan ló dẹ́ṣẹ̀ náà. Síbẹ̀ ó gbé e sọ́rùn bí ẹni gbé gbèsè ìdílé. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ìlàjà tí Pọ́ọ̀lù ní Ọlọ́run fi fún wa nìyẹn (2 Kọ́ríńtì 5:18). Ó ń náni lówó, ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè jẹ́ ọmọ-ọmọ ni yóò parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a ó gbàdúrà fún Hiroshima àti Nagasaki, fún àwọn arúgbó tó yè bọ́ tí wọ́n ṣì ń bẹ ayé kí wọ́n kó ohun ìjà yìí nílẹ̀, àti fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tíì gbọ́. Ẹni tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ bá lọ jagun Bọ́mà, kó kọ orúkọ rẹ̀ fún akọ̀wé ìjọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. A ó ka orúkọ wọn nínú àdúrà kan náà.