Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń lọ kàwé ní Rọ́ṣíà

Àbúrò mi,

O kú oríire ti físà. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má ra ẹ̀wù òtútù kankan fún ọ mọ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní Katangowa, òtútù Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló mọ̀. Òtútù Moscow lè lọ sí dígíríì 20 nísàlẹ̀ òdo nínú oṣù kìíní. Ọ̀hún ni kí o ti rà á, kí o sì yẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wò kí o tó sanwó: okùn kékeré kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n máa fi gbé e kọ́. Bí kò bá sí, rán an mọ́ ọn fúnra rẹ. Ní yunifásítì, ní ilé ìkàwé, ní ilé eré, wọn kì í wọ ẹ̀wù òtútù wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wàá ti bọ́ ọ fún ìyá àgbà tó jókòó sídìí garderob, ibi tí wọ́n ń gba ẹ̀wù pamọ́, òun á sì fún ọ ní nọ́ńbà. Bí okùn bá ti já, ìyá náà á bú ọ bí ẹni pé òun ló bí ọ. Kò kórìíra rẹ o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwọn ìyá àgbà Rọ́ṣíà sì gba gbogbo ìgboro sí ọjà. Rìn láìdé fìlà nínú yìnyín, èyí tí o kò mọ̀ rí á dá ọ dúró lójú títì, á bi ọ́ bóyá o fẹ́ kú ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yìí, fi í sọ́kàn, torí òun ni mo fi ń ka gbogbo ilẹ̀ náà. Ìta yàtọ̀ sí inú níbẹ̀ ju bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tó kọjá ẹnu ọ̀nà á máa ṣì wọ́n gbọ́ títí tó fi máa gboyè.

Ìta le. Wọn kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọn kò mọ̀. Òwe wọn kan tilẹ̀ sọ pé ẹ̀rín tí kò nídìí, àmì òmùgọ̀ ni. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún ọ á wò ọ́ bí ẹni pé o jẹ ẹ́ lówó. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá pè ọ́ wá sílé, o ò ní mọ̀ ọ́n mọ́: oúnjẹ á kún tábìlì débi tí àwo ò ní ráyè. Kí o tó débi oúnjẹ ṣá, ẹnu ọ̀nà ní òfin tirẹ̀. Má na ọwọ́ sí onílé láti ìta. Wọlé tán kí ẹ tó bọ ara yín lọ́wọ́, èèwọ̀ ni lórí ìloro. Bọ́ bàtà, wọ́n á fún ọ ní sálúbàtà. Bí o bá mú òdòdó wá, kí ó jẹ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje, torí òkú ni wọ́n ń kó mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ fún. Má súfèé nínú ilé. Níbí, ejò là ń bẹ̀rù pé ó máa wá. Níbẹ̀, owó ni wọ́n ní ó máa lọ.

Inú ilé gbóná gan-an. Ìjọba ìlú ló ń tan ooru sí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti wà lábẹ́ dígíríì 8 fún ọjọ́ márùn-ún léra wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, o ò ní rí nǹkan kan tí o lè yí kó dín kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù tó ń dì. Àṣìṣe àwọn tuntun ni pé wọ́n á wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra wọn, wọ́n á làágùn ní kíláàsì, wọ́n á fi òógùn náà jáde, àìsàn dé. Ẹ̀wù fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́, súwẹ́tà kan tó ṣeé bọ́, ẹ̀wù òtútù lókè: ó ti tó. Ibi tó ti ń múni jù ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó tan ooru, nígbà tí òtútù ti wọlé ṣùgbọ́n tí ọjọ́ márùn-ún òfin kò tíì pé. Mú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó dáa lọ nítorí ìyẹn. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á pa omi gbígbóná fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá láti yẹ páìpù wò, gbogbo ìlú á sì máa kérora. Kẹ́tùlù kan àti korobá kan ni ìwọ máa fi rẹ́rìn-ín wọn.

Ní ti èdè, Yorùbá ti ṣe ọ́ lóore. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì á máa bá ty àti vy jà fún ọdún méjì. Ìwọ mọ̀ ọ́n láti kékeré, torí “o” àti “ẹ” náà ni. Ṣùgbọ́n má tíì jó. Tiwa, ọjọ́ orí ló ń darí rẹ̀. Tiwọn, ìsúnmọ́ra ni, ìta àti inú náà ni. Ọmọ Rọ́ṣíà á fi ty bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bíi tiwa, á fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, á tún fi bá ìyá ìyá rẹ̀ tó ti pé ọgọ́rin ọdún sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbá a létí. Àmọ́ ọmọdébìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, vy ni. Bí o bá fi ty pè é torí pé o jù ú lọ, o ti rí i fín. Fún olùkọ́, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ ni kí o pè: Ivan tó jẹ́ ọmọ Pyotr, Ivan Petrovich, Anna tó jẹ́ ọmọ Sergey, Anna Sergeyevna. Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Lẹ́tà wọn á kọ́kọ́ tàn ọ́. P wọn, R ni. H wọn, N ni. C wọn, S ni. PECTOPAH tí o máa rí lára ilé oúnjẹ, “restoran” ni. Tún wo ohùn: wọn kò ní àmì ohùn bíi tiwa, ṣùgbọ́n ibi tí o bá tẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ lè yí i padà. Zámok ni ilé olódi, zamók ni àgádágodo. Èyí tó léwu ni pisát', kí a kọ̀wé, àti písat', kí a tọ̀. Fojú inú wò ó nígbà tí o bá fẹ́ sọ fún olùkọ́ pé o fẹ́ lọ kọ̀wé sójú pátákó. Ọmọ tó mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà kò yẹ kó kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ó di orí owó. Láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni Visa àti Mastercard ti dá iṣẹ́ dúró ní Rọ́ṣíà, nítorí náà káàdì báǹkì Nàìjíríà rẹ, páálí lásán ni bí bàlúù bá ti balẹ̀. Dọ́là ni kí o mú dání, tuntun, tí kò ya, tí wọn ò kọ nǹkan sí, tí kò sí òǹtẹ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lára rẹ̀, torí báǹkì lè kọ̀ ọ́. Bí ìwé rẹ bá ti pé, ṣí àkáǹtì, gba káàdì Mir, káàdì báǹkì tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà fóònù lásán ni wọ́n fi ń sanwó; ìyá tó ń ta kúkúńbà lẹ́bàá ọ̀nà á ka tirẹ̀ fún ọ.

Ìwé ni gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tó ń dún bí orin lẹ́nu wọn: láìsí ìwé, kòkòrò ni ọ́, bí ìwé bá wà, o di èèyàn. Kí á gba ti orúkọ rẹ kọ́kọ́. Lórí físà, wọ́n ti fi lẹ́tà tiwọn kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, bó dún dáadáa, bí kò dún, òun ni kí ẹni tó ń túmọ̀ páàsìpọ́ọ̀tù rẹ kọ, òun ni kí báǹkì kọ, òun ni kí yunifásítì kọ. Jimoh lè di Dzhimo lọ́dọ̀ ẹnì kan, kó di Dzhimokh lọ́dọ̀ ẹlòmíràn; lójú akọ̀wé, èèyàn méjì nìyẹn, ọ̀kan nínú wọn ò sì sanwó ilé ìwé. Èkejì ni ìforúkọsílẹ̀ ibi tí ò ń gbé. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí o dé, ẹni tó gbà ọ́ sílé ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe ìwọ. Tó bá jẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Fún wọn ní páàsìpọ́ọ̀tù àti káàdì ìwọ̀lú lọ́jọ́ tí o dé, kí o má sì jẹ́ kí ìwé pélébé tí wọ́n máa dá padà fún ọ jìnnà sí páàsìpọ́ọ̀tù rẹ. Bí o bá jáde kúrò ní Rọ́ṣíà, kódà fún ọjọ́ mẹ́ta, o padà dé, ó di àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé lẹ́yìn ìsinmi. Físà àkọ́kọ́ náà, oṣù díẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní yunifásítì ló ń sún un síwájú. Béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbàwé lọ́sẹ̀ tí o dé, má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Má sáré kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ forúkọ àjèjì sílẹ̀, wàá sì rí ìpolówó ilé tí wọ́n kọ “fún Slav nìkan” sí, ìyẹn ẹ̀yà Rọ́ṣíà àti àwọn tó bá a tan, ní gbangba báyẹn. Onílé náà á sì ka ewì Pushkin fún ọ lórí láìwòwé, Pushkin tí bàbá bàbá ìyá rẹ̀, Abram Gannibal, jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú dé ààfin Peter Ńlá, ọba Rọ́ṣíà, tó sì di ọ̀gágun.

Ní ọ́fíìsì, o lè má rí ìlà kankan. Èèyàn kàn jókòó káàkiri. Ìlà wà, inú orí wọn ló wà. Bi wọ́n pé “Kto posledniy?”, ta ló kẹ́yìn? Ẹnì kan á dáhùn. Mọ ojú rẹ̀. Sọ fún un pé o wà lẹ́yìn rẹ̀, dúró títí ẹlòmíràn á fi dé tó béèrè bákan náà. Lẹ́yìn náà o lè lọ mu tíì kí o padà, ipò rẹ ò ní kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè, bó dúró láti àárọ̀, kò tíì dé.

Ìṣèlú ńkọ́? Bí ọba kan kò kú, ọba kan kì í jẹ lọ́dọ̀ wa. Níbẹ̀, Putin ń jọba láti ìparí ọdún 1999. Ní 2008 ó gbé àga fún Medvedev fún ọdún mẹ́rin, ó padà wá jókòó sórí rẹ̀. Àwàdà kan wà tí wọ́n ń dá, pé apárí àti onírun ló ń gba àga lọ́wọ́ ara wọn: Lenin apárí, Stalin onírun, Khrushchev apárí, Brezhnev onírun, títí dé Gorbachev apárí àti Yeltsin onírun. Kódà pàṣípààrọ̀ Putin apárí àti Medvedev onírun ò já ẹ̀wọ̀n náà. Ní 2020 wọ́n tún òfin ìlú ṣe kí ọkùnrin kan náà lè wà níbẹ̀ títí di 2036, ọ̀rọ̀ irun sì ti dákẹ́ láti ìgbà náà.

Lọ́dọọdún, Putin sábà máa ń jókòó fún wákàtí púpọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kí aráàlú fi ẹjọ́ sùn ún: páìpù tó jò, ọ̀nà tó bàjẹ́. Lóṣù Kejìlá 2023, ìyá arúgbó kan ṣàròyé pé ẹyin ti wọ́n jù. Ààrẹ tọrọ àforíjì lórí ẹyin, ó ní ìjọba ló kùnà. Má ṣe rò pé ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ìjọba lọ́tọ̀, òun lọ́tọ̀. Láti ayé àwọn tsar, ọba wọn àtijọ́, ni wọ́n ti ń sọ pé ọba dára, àwọn ìjòyè ló burú. Ogun Ukraine ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì nígbà yẹn, ẹyin ló gba àforíjì.

Ìwọ, má dá sí i ní ìta. Òfin tí wọ́n ṣe lóṣù kẹta 2022 lè fi ẹni tó bá tan “ìròyìn èké” nípa ọmọ ogun sẹ́wọ̀n ọdún 15. Ẹni tó bá tàbùkù wọn, owó ìtanràn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 30,000 rúbù. Lọ́dún yẹn, wọ́n mú àwọn tó gbé bébà funfun tí kò sí nǹkan lára rẹ̀ dání. “Iṣẹ́ ológun àkànṣe” lorúkọ tí ìjọba sọ ọ́. Àwọn alágbára máa ń pè é ní ogun nígbà míràn báyìí, ìyẹn ò sọ pé kí ìwọ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Inú ilé ìdáná ni wọ́n ti ń sọ ìṣèlú láti ayé Soviet, lóru, lẹ́yìn tíì kẹta. Bí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú rẹ, o ti wọlé nìyẹn. Gbọ́, má gbà á sórí fóònù.

Fóònù gan-an: Facebook àti Instagram ti wà ní títì láti 2022, YouTube bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ní 2024, ìpè WhatsApp àti Telegram bẹ̀rẹ̀ sí í dí láti oṣù kẹjọ 2025. Kí ìwọ àti Màámi fẹnu kò sórí ọ̀nà méjì tí ẹ ó máa gbà bára yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dán an wò kí o tó lọ. Síìmù àjèjì náà ti di iṣẹ́ ńlá láti 2025: wọ́n á ya ojú rẹ, wọ́n á gba ohùn rẹ, wọ́n á so síìmù mọ́ fóònù kan ṣoṣo. Má bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mi ò fi ṣe àwàdà nìyí. Bí ẹnikẹ́ni, kódà ọmọ Nàìjíríà, bá wá pẹ̀lú iṣẹ́ ọdẹ tàbí iṣẹ́ awakọ̀ tí owó rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ka ìwé náà. Bí o bá rí “voyennaya sluzhba” nínú rẹ̀, iṣẹ́ sójà ni. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fi ìwé ọmọ ìlú fa àjèjì tó bá fọwọ́ sí i. Má fọwọ́ sí ohunkóhun tí o kò lè kà tán.

Oúnjẹ ò ní pa ọ́. Mannaya krupa wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ wa ń rò ó bíi sẹ̀mó. Ooru ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ń fẹ́, tó bá pẹ́ jù á lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ni kí o kó lọ. Wọ́n á wọ́n ewé dill sórí gbogbo nǹkan. Ìyẹn ò ní oògùn.

Lọ́jọ́ tí o máa lọ, bí àdúrà bá parí, ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó rìnrìn àjò: jókòó lórí àpótí rẹ fún ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo ilé jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọ̀nà rọrùn. Èmi rò pé ìgbà yẹn ni ẹni tó ń lọ máa ń rántí pé páàsìpọ́ọ̀tù wà lórí firíìjì.