Kí káàdì ilé iṣẹ́ yín tó kú

Ajílòsun,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Port Harcourt? Ọkọ wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń bá a yí níbí, aṣọ ń wọlé, àwọn oníbàárà ń bínú pé kò tètè jáde. Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá ní Ìkéré lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara wọn le, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nígbà tí owó kò bá sí. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, mo sì ti sọ.

Ohun tí o bi mí lórí fóònù kọjá ohun tí a lè fi nẹ́tíwọ̀kì tó ń já sọ. O ní iṣẹ́ rẹ parí lóṣù tó ń bọ̀, káàdì HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ń bá yín san owó ìtọ́jú, yóò bá a lọ, ẹ̀ ń bọ̀ wálé wá ṣe búrẹ́dì, kí lẹ ó máa fi gba ìtọ́jú? Ó dára tí o tètè rò ó. Àwọn mìíràn á ti ra ààrò tán kí wọ́n tó rántí pé orúkọ àwọn níbi iṣẹ́ ni ọkọ àti ọmọ fi ń rí dókítà.

Káàdì yẹn ná: lò ó dáadáa kí ó tó kú. Kí Tólú lọ fa eyín tó ń dà á láàmú. Ìwọ náà, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti ojú, kí o sì gba èsì wọn sọ́wọ́, nítorí ilé ìwòsàn tuntun a máa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo látìbẹ̀rẹ̀, owó ẹ sì ni. HMO yín lè sọ pé kí o máa dá owó san fúnra rẹ kí o lè máa lo káàdì náà lọ. Gbọ́ iye tí wọ́n bá pè, má sì tíì dáhùn. Ìnṣọ́ránsì aládàáni dára fún ẹni tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ da ìyẹ̀fun sínú àwo, mi ò rí ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn tún máa ń ní kí obìnrin ti wà lọ́dọ̀ àwọn fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó san owó ìbímọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ràn arúgbó.

Ti ìjọba ni mo fẹ́ kí o gbájú mọ́. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, tó sọ NHIS, àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, di NHIA, ti ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Dandan ni, wọ́n ní, àmọ́ wo ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ní Ajílòsun yìí kí o bi wọ́n léèrè! Èkìtì ní ètò tirẹ̀ tí ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ìjọba lè wọ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní GIFSHIP, tó gba ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹbí àti ẹgbẹ́. 15,000 náírà lórí ẹnì kan fún odindi ọdún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjà ti yí padà láti ìgbà náà, nítorí náà iye tòní ni kí a bèèrè. Síbẹ̀, bó wù kó wọ́n, kò tó owó àsansílẹ̀ iṣẹ́ abẹ kan.

Mo rí owó àsansílẹ̀ yẹn lójú ara mi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ mú lórí ẹ̀rọ, ó ń làágùn, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Àpẹ́ńdìsì ni. Ẹni tó ń gbowó kò gbójú sókè, ó kàn ń fi báírò kan orí tábìlì, ó ní ẹ san ìdajì ná. Ìyá ọmọ náà tú etí ìró, ó ń to igba-igba náírà tó ti rún jọ síbẹ̀, ọmọ ń kérora lórí bẹ́ǹṣì. Ẹgbẹ́ télọ̀ wa ló gbé àwo kiri fi gba owó láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù kí dókítà tó dáwọ́ lé e. Ara ọmọ náà ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Torí rẹ̀ ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀ pé kí gbogbo wa forúkọ sílẹ̀ pa pọ̀. Áà, Dúpẹ́, o yẹ kó o wà níbẹ̀! Obìnrin kan ká ọwọ́ lérí, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, òun ò ní fi owó òun pe àìsàn wálé, lórúkọ Jésù. Àwọn kan ṣe àmín. Alága wa, tó ti dàgbà tó sì mẹ̀tọ́, bi í pé, “Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ tìẹ, ta ló gbé àwo kiri?” Ó dákẹ́. Kò sì forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tó kù ti ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni dá àjọ, tí ẹ bá sì ti dé, mo lè bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì kò bá tíì ṣe tiwọn.

Ibi tí ẹjọ́ pọ̀ sí ni ilé ìwòsàn tí ẹ ó mú. HMO ń san iye kan fún ilé ìwòsàn lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, 750 náírà ni tẹ́lẹ̀. Ọdún yìí ni wọ́n sọ ọ́ di 1,450. O ti rí ìdí tí àwọn kan fi ń wo onínṣọ́ránsì bí ẹni tó wá jẹun ọ̀fẹ́. Má wo bí ilé ṣe tóbi. Lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí o wo bí wọ́n ṣe ń dá onínṣọ́ránsì lóhùn, kí o sì bi wọ́n bóyá oògùn wà nílẹ̀ àbí ìwé ni wọ́n ń kọ kí ẹ lọ rà níta. Kí ibẹ̀ sún mọ́ ilé yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, àwọn ni yóò fi yín ránṣẹ́ sí EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì ìpínlẹ̀ níbí, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, pẹ̀lú kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, láti ọ̀dọ̀ HMO. NHIA ti sọ lọ́dún yìí pé HMO kò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó fi kóòdù náà sílẹ̀. Rántí èyí, kí o máa fi dá wọn lóhùn! Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòdù mọ́, ibi tó bá sún mọ́ ni kí ẹ gbà lọ.

Ti Màmá yàtọ̀ díẹ̀. Òfin ìlera 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé, ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú aláìní, aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ mú wọn lọ ní Ìkéré. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, a ó san tiwọn pẹ̀lú tiyín. Jọ̀wọ́, má máa fi owó oògùn ránṣẹ́ sí wọn lọ́wọ́ mọ́, ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń fi í ra bàtà fún.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe báyìí kò le. Fi nọ́ńbà NIN gbogbo yín àti fọ́tò pélébé méjì-méjì ránṣẹ́ sí mi. Kí orúkọ tó wà lórí NIN bá ti ìwé ìbí àwọn ọmọ mu, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dá èèyàn padà. Ṣe é kí oṣù yìí tó parí, torí pé bí ẹ bá san owó tán, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí orúkọ tó dé ilé ìwòsàn.

Kí ọkọ wa dákun wọn ilẹ̀kùn ààrò yẹn dáadáa kó tó rà á. Ṣọ́ọ̀bù tí mo bá yín rí ní Básírì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò fẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnkẹ́